Ṣé O Mọ̀ Pé Ọta Ìbọn Náà Ń Gbó?

Ṣé o mọ̀ pé ọta tí ẹnì kan kì sínú revolver rẹ̀ lónìí lè má ṣeé gbára lé mọ́ tó bá fi máa di ọdún tó ń bọ̀? Lójoojúmọ́ ni àwọn tí òfin gbà láyè ní Amẹ́ríkà ń fi revolver há ìbàdí jáde nílé, tí òógùn ń bá ọta inú rẹ̀ jà, tí awọ ń bá a jà, tí epo ń bá a jà, tí òun náà sì dákẹ́ sínú ihò rẹ̀ bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe. Sún mọ́ mi díẹ̀, jẹ́ kí n tú àpò mi sílẹ̀ fún ọ.

Ọta mélòó ni revolver ń gbà? Bí o bá ní mẹ́fà, o gbà á, o sì tún ṣì í! Àwọn tí ilé iṣẹ́ Samuel Colt kọ́kọ́ ṣe ní ìlú Paterson, lẹ́yìn tó gbàwé àṣẹ ní 1836, márùn-ún péré ni wọ́n ń gbà. Èyí tí Smith àti Wesson kọ́kọ́ gbé jáde ní 1857 ń gba méje. Ti LeMat, ará New Orleans, ń gba mẹ́sàn-án, ó sì tún ní ọ̀pá kejì lábẹ́ fún ọta wẹ́wẹ́.

Ìyẹn kéré. Revolver Colt tó jáde ní 1873 ní ihò mẹ́fà, síbẹ̀ ọta márùn-ún ni ẹni tó bá gbọ́n ń kì sí i! Òòlù ìbọn yẹn ń fara ti ìdí ọta tó wà níwájú rẹ̀, bó bá já bọ́ lulẹ̀, ó lè dún. Torí náà ihò òfo ni wọ́n ń fi sábẹ́ òòlù. Ìgbà wo ni ilé iṣẹ́ Ruger wá fi irin kan sínú àwọn revolver tirẹ̀ tó jọ ọ́, irin tí kì í jẹ́ kí agbára òòlù dé ìdí ọta àfi téèyàn bá fa ìbọn? 1973. Ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé.

Ṣé o mọ̀ pé nǹkan mẹ́rin ló wà nínú ọta kan ṣoṣo, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní àìsàn tirẹ̀? Orí tó ń fò lọ wà, ẹ̀tù tó ń jó wà, ìṣáná kékeré wà ní ìdí, èèpo idẹ ló sì kó gbogbo wọn mọ́ra.

Jẹ́ ká ti ìdí bẹ̀rẹ̀. Ta lo rò pé ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìṣáná yìí? Àlùfáà ìjọ ni! Alexander Forsyth ti Belhelvie ní Scotland fẹ́ràn ẹyẹ pípa, àmọ́ iná tó ń kọ́kọ́ bù yẹ̀rì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn ayé ìgbà yẹn ń ta ẹyẹ lólobó kí ọta tó dé. Ní 1807 ó gbàwé àṣẹ fún ọgbọ́n tuntun kan, ohun tí wọ́n ń lù kó tó gbiná. Ẹyẹ ò rí iná ṣáájú mọ́.

Èyí tó tẹ̀ lé e yìí kì í sú mi í sọ. Edward Boxer, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, ṣe irú ìṣáná kan. Hiram Berdan, ará Amẹ́ríkà, ṣe irú mìíràn, nǹkan bí 1866 ni àwọn méjèèjì. Ó wá di pé ti ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni Amẹ́ríkà gbà, ti ará Amẹ́ríkà sì ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù gbà tọwọ́ tẹsẹ̀!

Ó yá, na ìka rẹ. Ìṣáná yẹn gbọ́dọ̀ rì díẹ̀ sínú ìdí ọta, ìwọ̀n tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè rí. Bó bá yọ síta, yóò máa ha irin tó wà lẹ́yìn ilé ọta, ìyẹn irin roboto tó ní àwọn ihò ọta, ilé ọta náà kò sì ní yí. Báwo ni wàá ṣe mọ̀? Gbé ọta nàró sórí díńgí títẹ́jú, kí o fi ìka kan ṣoṣo tọ́ ọ jẹ́jẹ́: bó bá ń mì, tí kò fìdí lélẹ̀, ìṣáná rẹ̀ ti yọ. Mo fẹ́ràn àyẹ̀wò yìí ju èyíkéyìí lọ, nítorí díńgí wà nílé gbogbo ènìyàn.

O ti rí ọta tí òrùka pupa tàbí aláwọ̀ ewé yí ìṣáná rẹ̀ ká rí? Kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán. Ọ̀dà ni, òun ni kì í jẹ́ kí omi àti epo wọlé.

Epo kẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni o! Epo tó ń gba ìbọn lọ́wọ́ ìpẹtà lè pa ọta inú ìbọn kan náà, pàápàá epo tó ṣàn tó ń wá ihò wọ̀. Bó bá ráyè dé ibi ìṣáná, òòlù á lu ọta, ọta á dákẹ́. Ẹni tó bá nu revolver rẹ̀ tán, kó fi aṣọ gbígbẹ nu ihò ọ̀kọ̀ọ̀kan kó tó dá ọta padà síbẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ìtọ̀ ẹṣin ti ba ọta àwọn ọmọ ogun jẹ́ rí? Ìtàn yìí dùn, fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní Íńdíà máa ń kó ọta pamọ́ sí ilé ẹṣin lásìkò òjò. Bí òjò bá dá tí wọ́n kó o jáde, wọ́n á bá èèpo idẹ rẹ̀ tó ti sán, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò yìn ín. Wọ́n kà á sí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó di 1921 kí Moore, Beckinsale àti Mallinson tó ṣàlàyé rẹ̀: amóníà tó ń ti ibi ìtọ̀ ẹṣin jáde ló ń jẹ idẹ tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ tẹ̀, tí ara rẹ̀ ṣì ń fà. Idẹ ọta sì rèé, bàbà 70 nínú ọgọ́rùn-ún, síǹkì 30.

Má sọ pé o kò lẹ́ṣin! Wo ara ìgò oògùn tí wọ́n fi ń yọ bàbà kúrò nínú ọ̀pá ìbọn, wo ara agolo ohun tí wọ́n fi ń dán idẹ: amóníà wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ẹni tó bá fi wọ́n ṣiṣẹ́, kó fọ ọwọ́ kó tó tún fọwọ́ kan ọta. Ọta tó ti pàwọ̀dà díẹ̀ kò burú, aṣọ gbígbẹ tó o; èyí tí èèpo rẹ̀ bá ti sán, bó ti wù kí ìlà náà tín-ín-rín tó, kò gbọ́dọ̀ padà sínú ìbọn.

Ta ló máa rò pé awọ màlúù lè bá idẹ jà? Ásíìdì tó ṣẹ́ kù sínú awọ lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe é tán ló ń yọ ìpẹtà aláwọ̀ ewé sára ọta tó bá pẹ́ nínú bẹ́líìtì. Lẹ́yìn ogun Little Bighorn, ní oṣù Keje 1876, Májọ̀ Marcus Reno ti ẹgbẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà kọ̀wé pé nínú ìbọn 380 tó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun òun, 6 ló di aláìwúlò nítorí èèpo ọta há sínú wọn. Ìbọn alẹ́ṣin ni o, kì í ṣe revolver, bàbà sì ni èèpo ọta wọn nígbà náà; ìpẹtà tí bẹ́líìtì awọ ń fi sára bàbà wà lára ohun tí wọ́n ń tọ́ka sí títí di òní.

Ìdí nìyẹn tí èèpo ọta ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá Amẹ́ríkà fi ń dán bíi fàdákà láyé revolver. Níkẹ̀lì ni wọ́n fi bò ó, kì í tètè bá awọ jà. Àmọ́ bí níkẹ̀lì bá ti ń bó, tí idẹ ti ń yọjú lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀ṣọ́ ti sùn lẹ́nu ọ̀nà nìyẹn.

Ó dáa. O rò pé ọta tó dún nìkan ló lè yọ èèyàn lẹ́nu? Èyí tí kò tíì dún gan-an ni kí o máa ṣọ́! Bí revolver bá dún, á ta sẹ́yìn, á sì fa èèpo gbogbo ọta tó kù sẹ́yìn mọ́ ara rẹ̀. Orí ọta ní tirẹ̀ kò fẹ́ kúrò níbi tó wà, ló bá ń jáde nínú èèpo díẹ̀díẹ̀. Tó bá fi máa di ẹ̀ẹ̀kẹta tàbí ẹ̀ẹ̀kẹrin tí ìbọn dún, orí ọta tó gbẹ̀yìn lè ti yọ kọjá ẹnu ihò rẹ̀. Á há mọ́ ara ìbọn, ilé ọta á sì kọ̀ láti yí. Gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀ sí ọta tí òòlù kò tíì kàn!

Wá wo bó ṣe yí padà: nínú ìbọn ìléwọ́ oní-mágásíìnì, wíwọlé ni orí ọta ń wọlé. Bí wọ́n bá ń ki ọta kan náà, tí wọ́n ń yọ ọ́, tí wọ́n tún ń kì í, orí rẹ̀ á máa rì sínú èèpo. Ti revolver ń jáde, ti oní-mágásíìnì ń wọlé, ẹni tó ní méjèèjì kò gbọ́dọ̀ yẹ̀ wọ́n wò lọ́nà kan náà.

Bí revolver bá ṣe fúyẹ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ni àìsàn yìí ṣe ń le sí i. 340PD ti Smith & Wesson kò tó gíráàmù 350 bó bá ṣófo, ọta .357 Magnum ló sì ń gbà! Fi ọkàn yàwòrán bó ṣe ń ta.

Àyẹ̀wò rẹ̀ rọrùn bí nǹkan míì. Ní ibi ìyìnbọn, ẹni tí revolver rẹ̀ ń gba márùn-ún á fi irin ìdíwọ̀n wọn ọta kan láti ìdí dé orí, á kì í sí ihò tó máa gbẹ̀yìn, á yin mẹ́rin yòókù, á yọ ọ́, á tún un wọ̀n. Bó bá ti gùn sí i, irú ọta yẹn àti ìbọn yẹn kò bára wọn mu. Kò sí irin ìdíwọ̀n? Tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ tuntun lórí tábìlì, kí o wò ó bóyá wọ́n ga dọ́gba. Bí o bá ti ṣe irú àyẹ̀wò yìí tán, má dá ọta tí o fi dán an wò padà sáàárín àwọn tí ò ń gbé kiri.

Tún gbọ́ èyí nípa 340PD yẹn kan náà. Ara ọ̀pá rẹ̀ ni wọ́n kọ ìkìlọ̀ sí pé kí ẹnikẹ́ni má ki ọta Magnum tí orí rẹ̀ kò tó grain 120 sí i. Èyí tó fúyẹ́ ni wọ́n kọ̀ o, kì í ṣe èyí tó wúwo! Títáníọ́mù ni ilé ọta rẹ̀, iná irú ọta bẹ́ẹ̀ sì lè tètè jẹ ẹ́.

Kí ni grain yìí? Ìwọ̀n hóró ọkà bálì kan ni láti ayé àtijọ́, 7,000 rẹ̀ ló wà nínú pọ́ùn kan. Orí ọta .38 Special tó jẹ́ grain 158 wọn gíráàmù mẹ́wàá ó lé díẹ̀. Ẹ̀tù tó ń tì í jáde kì í sábà tó ìdajì gíráàmù.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀bẹ̀ pé kí àwọn èèyàn jáwọ́ nínú mímì ọta sétí. Èèpo .38 Special fẹ̀, nítorí ẹ̀tù dúdú tó máa ń gba àyè ni wọ́n fi bí i ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ẹ̀tù òde òní kéré nínú rẹ̀, ó ń yí kiri. Dídún rẹ̀ kò sọ bóyá ẹ̀tù pé. Òṣùwọ̀n pàápàá lè tan èèyàn jẹ, torí orí ọta kan lè wúwo ju èkejì lọ débi tí kò fi ní hàn pé ẹ̀tù dín.

Ṣé o ti rí ọta revolver tí kò lórí? Ti Nagant ti 1895 tí Rọ́ṣíà lò nìyẹn! Orí ọta rẹ̀ rì pátápátá sínú èèpo. Bí wọ́n bá fa òòlù rẹ̀ sẹ́yìn, ilé ọta á sún síwájú, ẹnu èèpo á wọ inú ọ̀pá ìbọn, èéfín ò ní ríbi sá jáde. Méje ló ń gbà.

Ó yà ọ́ lẹ́nu? Ó kù. Ọta .38 kì í ṣe .38! Ínǹṣì .357 ni ìbú orí rẹ̀, òun àti .357 Magnum sì dọ́gba níbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni pé èèpo Magnum gùn ju tirẹ̀ lọ ní mílímítà mẹ́ta ó lé díẹ̀, kí ó má bàa ráyè wọ ìbọn .38. Mílímítà mẹ́ta yẹn lásán ló dúró sáàárín agbára 17,000 àti 35,000 lórí òṣùwọ̀n psi tí SAAMI, àjọ tó ń fi ìlànà lélẹ̀ fún ọta ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí! Torí náà, ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdí ọta, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ara páálí nìkan.

.38 ń wọ revolver .357 ní tirẹ̀, kò sí wàhálà. Wàhálà wà níbì kan ṣá: èéfín ọta kúkúrú ń fi òrùka dúdú sílẹ̀ nínú ihò, bó bá sì ti nípọn, .357 tó gùn kò ní wọlé tán. Nígbà tí ìbọn bá ṣófo, tí ẹnu rẹ̀ sì kọ síbi tí kò lè pa ẹnikẹ́ni lára, jẹ́ kí ọta rọ́ wọ ihò kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀, kó sì bọ́ jáde fúnra rẹ̀ bí o bá gbé ẹnu ìbọn sókè. Èyí tó bá fẹ́ kí o fi àtàǹpàkò tì í, yọ ọ́ sọ́tọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé òwú lè di ẹ̀tù? Òwú tàbí igi tí wọ́n fi ásíìdì ṣe ni púpọ̀ nínú ẹ̀tù aláìléèéfín ti wá, Paul Vieille ará Faransé ló sì kọ́kọ́ mú un gún régé fún ìbọn ní 1884. Ẹ̀tù yìí ń rà! Ó ń pọ ásíìdì sínú ara rẹ̀, ásíìdì náà á sì tún mú un rà sí i. Ọkọ̀ ogun Faransé, Iéna, bú gbàù ní èbúté Toulon ní oṣù Kẹta 1907, Liberté tún bú gbàù ní èbúté kan náà ní oṣù Kẹsàn-án 1911. Ẹ̀tù tó ti rà ni wọ́n dá lẹ́bi. Lónìí, wọ́n ń po èròjà kan mọ́ ọn tó ń gbé ásíìdì yẹn mì bó ṣe ń jáde, èyí ló jẹ́ kí ọta tó wà níbi gbígbẹ tó tutù pẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Inú mọ́tò tí oòrùn ń pa kì í ṣe irú ibẹ̀.

Ẹ̀tù dúdú tí àwọn ọdẹ wa ń kì sínú ìbọn ìbílẹ̀ wá ńkọ́? Bí omi kò bá kàn án, kì í rà! Àgbà ẹ̀tù ló ń pẹ́ láyé ju ọmọ lọ.

Níwọ̀n bí a ti dárúkọ àwọn ọdẹ wa: ṣé o mọ̀ pé òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 to revolver mọ́ àgbá ogun àti bọ́ǹbù? Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ní in àfi tí Ààrẹ bá fún un láṣẹ.

Wo ihò tó wà lórí àwọn ọta kan. Ó wà níbẹ̀ kí orí ọta lè fẹ̀ bó bá wọ ara, àmọ́ bí ọta bá pẹ́ lápò ṣòkòtò, òwú àti ìdọ̀tí á dí i pa. Igi ìtayín tó láti yọ ọ́. Má fi irin kàn án.

Èyí wà fún àwọn tó ń lo irin pẹlẹbẹ tó ń di ọta pọ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ní 1917, wọ́n ṣe irin bí ìlàjì òṣùpá tó ń di ọta mẹ́ta mẹ́ta mú, kí revolver lè gba ọta tí wọ́n ṣe fún ìbọn oní-mágásíìnì! Bó bá tẹ̀ díẹ̀ péré, ilé ọta á máa há. Díńgí ìṣáájú yẹn náà lo máa tẹ́ ẹ sí.

Bí òòlù bá lu ọta tí kò dún ńkọ́? Má ṣí ìbọn! Ó lè máa jó lábẹ́lẹ̀. Kọ ẹnu ìbọn síbi tí kò léwu, kí o ka ìṣẹ́jú àáyá 30, ó kéré tán. Bó bá sì dún fẹ́ẹ́ dípò gbàù, dúró síbẹ̀: orí ọta lè wà nínú ọ̀pá, revolver sì ṣe tán láti rán èkejì tẹ̀ lé e.

Ní 1896, Theodore Roosevelt, tó wá di ààrẹ lẹ́yìn náà, wà lára àwọn kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá New York nígbà tí wọ́n yan revolver Colt kan ṣoṣo fún gbogbo wọn. Ọdún wo ni ọlọ́pàá ìlú náà tó gbé revolver kẹ́yìn lẹ́nu iṣẹ́? 2018! Àwọn kan di tiwọn mú títí dé òpin.

Àwọn tó mọ̀ ọ́n lò dáadáa kì í tọ́jú ọta ìgbékiri di àdììtú. Ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, wọ́n á kó o lọ síbi ìyìnbọn, wọ́n á yìn ín tán, wọ́n á ra tuntun. Mo gbà pẹ̀lú wọn, owó tó ń ná wọn kò tó nǹkan.

Èyí tó bá wá kùnà, kí ni wọ́n ń ṣe sí i? Má rò pé kí o rì í sómi! Ọta tó ti sùn nínú omi mọ́jú ṣì lè dún bó bá gbẹ, èyí tí wọ́n sì jù sínú iná kì í fò bíi ti inú ìbọn, àmọ́ èèpo rẹ̀ á bú, á sì fọ́n káàkiri. Inú agolo kan tí wọ́n kọ orúkọ sí lára ni wọ́n ń kó o sí, lọ́tọ̀, títí wọ́n á fi gbé e fún àwọn ọlọ́pàá tàbí ibi ìyìnbọn tó ń gbà á.